Ike funfun orí flash yẹn ò lè gbà yín là

1/ Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tẹ́ ẹ ń ya fọ́tò òde, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ra flash àkọ́kọ́ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ DM mi lójoojúmọ́ pé "èwo ni kí n rà nínú diffuser?", ẹ sún mọ́ bí. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí. Ohun tí mo fẹ́ sọ lè bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn tó ń ta ike funfun yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti jìyà ẹ̀ rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

2/ Èrò mi nìyí, kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mò ń lọ: ọ̀pọ̀ nínú wa ò nílò diffuser tuntun. Ohun tá a nílò ni ká mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wa ń gbà lẹ́yìn tó bá kúrò lórí flash. Ike kékeré tá a fi ń dé orí flash, èyí tí wọ́n ń pè ní dome, kì í dá mú ìmọ́lẹ̀ rọ̀. Àjà àti ògiri ló ń bá a ṣe é. Níbi tí kò bá ti sí àjà, tí kò sí ògiri nítòsí, bátìrì lẹ kàn ń fi ṣòfò.

3/ Ẹ gbọ́ ìtàn kan. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, wọ́n pè mí síbi ọjọ́ìbí ìyá kan tó pé ọdún 80. Inú ọgbà ilé wọn ni wọ́n ti ṣe é, ìta gbangba, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra dome tuntun, ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo fi dé orí flash, mo gbé agbára flash sókè pátápátá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pariwo "Fọ́tò! Wá ya wá níbí!", mo ti débẹ̀. Mo rò pé mo ṣe bẹbẹ.

4/ Ìgbà tí mo délé tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, àyà mi já. Iwájú orí màmá ń dán yanran bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Abẹ́ imú àti abẹ́ àgbọ̀n wọn dúdú kirikiri. Ẹ̀yìn wọn ṣú bí òru ọ̀gànjọ́. Ìhunjọ ojú wọn, tó jẹ́ ẹwà àgbà, wá dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà á. Mo edit títí ó fi sú mi. Mo wá sọ fún ara mi pé, "Àbí kí ni? Wọn ò ní mọ̀." Òótọ́ ni, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n sanwó, wọ́n kí mi kú iṣẹ́.

5/ Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ tí àkọ́bí màmá pè mí. Màmá ti lọ. Wọ́n ń wá fọ́tò kan tí wọ́n máa gbé sójú ìwé ètò ìsìnkú, tí wọ́n sì máa tẹ̀ gàgàrà sẹ́nu ọ̀nà ilé. Mo fi gbogbo ohun tí mo ní ránṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n tún pè. Wọn ò bínú rárá, ohùn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́: "Àbúrò, ṣé kò sí èyí tójú wọn balẹ̀ díẹ̀? Màmá wa ò rí báyìí."

6/ Mo wá gbogbo fáìlì. Kò sí. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ni mo fi ya gbogbo ẹ̀, láti àárọ̀ òde títí dé ìparí. Fọ́tò kékeré kan tí ọmọ-ọmọ wọn fi fóònù yà lẹ́nu ilẹ̀kùn ni wọ́n padà lò. Ìmọ́lẹ̀ ìta ló kàn ń wọlé sí wọn lójú. Fóònù o! Èmi tí mo gbé kámẹ́rà àti flash àti dome dé ibẹ̀, tèmi ò ṣe é lò. Ìdí tí mo fi ń kọ thread yìí nìyẹn.

7/ Torí náà, kí ló ń mú ìmọ́lẹ̀ rọ̀ gan-an? Kì í ṣe pé nǹkan funfun wà níwájú ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni bí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde ṣe tóbi tó lójú ẹni tí à ń yà. Tó bá tóbi, ìmọ́lẹ̀ á máa ti ọ̀nà púpọ̀ bá ojú ẹni yẹn, á wọ abẹ́ imú, á wọ abẹ́ àgbọ̀n, òjìji á fúyẹ́. Tó bá kéré, ọ̀nà kan ṣoṣo ló máa gbà wọlé. Ibi tó bá kàn á mọ́ rokoṣo, ibi tí kò bá kàn á dúdú.

8/ Ẹ wo oòrùn. Fífẹ̀ oòrùn tó nǹkan bíi 1,400,000 kìlómítà. Kò sí softbox tó tó o! Ṣùgbọ́n ó fi nǹkan bíi 150,000,000 kìlómítà jìnnà sí wa, nítorí náà lójú wa, kò ju owó ẹyọ kan lọ lókè ọ̀run. Ìdí nìyẹn tí òjìji wa fi máa ń gé geere ní aago 12 ọ̀sán. Tí ìkùukùu bá wá bò ó, gbogbo ojú ọ̀run ló di iná. Iná ọ̀hún ti tóbi, òjìji á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ìgbà ọyẹ́ náà, tí eruku bá kún ojú sánmà, ẹ máa ń rí i bí ojú àwọn èèyàn ṣe máa ń rọ̀ nínú fọ́tò. Oòrùn kan náà ni. Ohun tó yí padà ni bí iná náà ṣe fẹ̀ tó lójú wa.

9/ Ẹ jẹ́ ká padà sórí flash. Ojú flash tá à ń lò lórí kámẹ́rà ò ju ìka ọwọ́ mẹ́rin lọ ní fífẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dé dome lé e, ó fẹ̀ sí i díẹ̀. Ẹ di ìkúùkù yín báyìí: bí dome yín ṣe tó nìyẹn. Ẹ wá ní kí ẹnì kan lọ dúró ní mítà mẹ́ta sí yín. Lójú ẹni yẹn, ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ìka mẹ́rin àti ìkúùkù? Kò tó nǹkan. Oòrùn kékeré lẹ ṣì gbé dání.

10/ Mo ti ń gbọ́ yín: "Ṣùgbọ́n mo rí i lórí YouTube, ó rọ̀ dáadáa!" Ẹ padà lọ wo fídíò yẹn, ẹ wo yàrá tí wọ́n wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, yàrá kékeré ni, ògiri funfun, àjà funfun tó wà nílẹ̀ díẹ̀. Dome ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká sí gbogbo ọ̀nà. Èyí tó lọ sókè kọ lu àjà, èyí tó lọ ṣẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ lu ògiri, gbogbo ẹ̀ wá padà sójú ẹni tí wọ́n ń yà. Odidi àjà ti di iná. Àjà ló ṣiṣẹ́, dome ló gba ọpẹ́.

11/ Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní. Ẹ mú ẹnì kan, ẹ yà á nínú yàrá yín pẹ̀lú dome. Ẹ mú ẹni yẹn kan náà lọ sí ìta gbangba, níbi tí kò sí ògiri nítòsí, ẹ dúró níwọ̀n ibi tẹ́ ẹ dúró sí tẹ́lẹ̀, ẹ tún yà á. Ẹ wá gbé méjèèjì síra, ẹ wo abẹ́ imú ẹ̀. Abẹ́ imú kì í parọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ dome kúrò, ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan sí i níta. Ẹ máa rí i pé ti dome àti ti àìsí dome jọra bí ìbejì.

12/ Ìyàtọ̀ kan ṣáá wà o: bátìrì. Nítorí pé dome ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ káàkiri, èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ ń yà á dín kù. Ó lè jẹ stop kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, stop kan sì ni ìdajì ìmọ́lẹ̀. Flash yín á wá máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láti rí ohun kan náà. Tó bá jẹ́ flash oníbátìrì AA mẹ́rin, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tan, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá ìyàwó máa nu omijé lójú. Fọ́tò yẹn ti lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì ń fi agbára tó ga jù lọ yà á láìsinmi, flash á gbóná, òmíràn á dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí ara ẹ̀ á fi tutù.

13/ Ìṣirò kékeré kan tún wà tó yẹ ká fi sọ́kàn. Tẹ́ ẹ bá jìnnà sí èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ò dín kù sí ìdajì. Ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù. Ẹ jìnnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ku ìdá kan nínú mẹ́sàn-án. Ohun tó fà á tí ojú ẹni iwájú fi máa ń funfun báláú tí àwọn tó wà lẹ́yìn á sì ṣókùnkùn nìyẹn. Ike kankan ò lè yí ìṣirò yẹn padà. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí ló lè yí i padà.

14/ Kí ló wá kàn wá ju ẹlòmíì lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Àwọ̀ ara wa ni. Lára èèyàn dúdú, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń dán lójú máa ń hàn gan-an, torí pé ibi tó ń dán àti ibi tí kò dán jìnnà síra. Iná kékeré máa ń fi àmì kékeré funfun gbòò síwájú orí, sórí imú, sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn èèyàn á ní "òógùn ni" tàbí "ó kun òróró". Irọ́ ni, iná ló kéré. Iná ńlá máa ń tẹ́ dídán yẹn gbẹẹrẹ, ẹ ó wá rí bí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe rí, ẹ ó rí i bí awọ ara ṣe jọ̀lọ̀. Ojú dúdú tí iná ńlá bá bà lé máa ń dùn ún wò. Kò sí àwọ̀ tó dà bí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi.

15/ Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Ìgbà kan wà tí Kodak ń fún àwọn tó ń fọ fọ́tò ní káàdì àpẹẹrẹ kan, tí wọ́n fi ń wọn àwọ̀ bóyá ó dáa. Obìnrin òyìnbó ló wà lórí ẹ̀, "Shirley" ni wọ́n ń pè é. Tí awọ Shirley bá ti dáa, ẹ̀rọ ti dáa nìyẹn. Kò kàn wọ́n bí ojú dúdú bá jáde bí ẹ̀yìn ìkòkò. Ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe káàdì tó ní oríṣiríṣi àwọ̀ èèyàn. Mi ò sọ pé ẹni tó ṣe dome yín kórìíra wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé, tó bá jẹ́ ojú òyìnbó ni wọ́n fi dán nǹkan wò nínú fídíò tẹ́ ẹ wò, ẹ fi ojú tiwa dán an wò kẹ́ ẹ tó nawó.

16/ Ẹ má gbàgbé mákéèpù náà. Àwọn páúdà kan wà tó ní silica nínú. Tí flash bá kọjú sí i tààrà láti orí kámẹ́rà, páúdà yẹn á ta ìmọ́lẹ̀ padà, abẹ́ ojú ìyàwó á funfun bí ẹni tó bọ́ sínú èlùbọ́. Wọ́n á dá a lẹ́bi fún onímákéèpù, onímákéèpù á dá a lẹ́bi fún fọ́tò, ìjà á dé. Ẹ yí orí flash kúrò níwájú. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ wá, ọ̀pọ̀ nínú wàhálà yẹn á yanjú.

17/ Ó dáa. Báwo la ṣe wá fẹ́ yan diffuser? Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi àwọn tó bá wá bá mi. Àkọ́kọ́: irú ibo lẹ ti ń ṣiṣẹ́ jù? Ìkejì: báwo lẹ ṣe máa ń jìnnà sí ẹni tẹ́ ẹ ń yà? Ìkẹta: ta ló máa bá yín gbé e? Tẹ́ ẹ bá dáhùn mẹ́ta yìí, diffuser fúnra ẹ̀ á pe orúkọ ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan.

18/ Tó bá jẹ́ inú pálọ̀ tàbí họ́ọ̀lù kékeré tí àjà ẹ̀ funfun, tí kò sì ga jù, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ yí orí flash sókè, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ gé páálí funfun kékeré, ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó so ó mọ́ ẹ̀yìn orí flash, kó yọ sókè bí ìka ọwọ́ mẹ́rin. Àjà á fún yín ní ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀, páálí á ta díẹ̀ síwájú kí ihò ojú má bàa ṣókùnkùn, ẹyinjú á sì tàn. Ẹ gbé ISO sí 800 tàbí 1600, kí flash má bàa dá ru gbogbo ẹrù. Ohun tí mò ń lò dòní nìyẹn, owó ẹ̀ ò tó owó ẹran méjì.

19/ Tó bá jẹ́ họ́ọ̀lù ńlá, ọ̀ràn yàtọ̀. Àjà ga fíofío, wọ́n lè kùn ún dúdú, tàbí kí àwọn olóhun ọ̀ṣọ́ ti fi aṣọ pọ́pù bò ó látòkè délẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ta ìmọ́lẹ̀ sí i, ojú gbogbo ìdílé á di pọ́pù. Níbẹ̀, dome ò ní rí ohun tó máa bá ṣiṣẹ́. Ẹ wá ògiri tó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yí flash sí i. Tí kò bá sí, ẹ ní kí àbúrò kan bá yín gbé softbox kékeré lórí ọ̀pá, kó máa tẹ̀ lé yín, kó sì sún mọ́ ojú èèyàn tó bó ṣe lè sún mọ́ ọn láìwọ inú fọ́tò.

20/ Kánópì ńkọ́? Ẹ wo àwọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan flash. Kánópì funfun jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run, torí kò ga, òrùlé ẹ̀ á sì ta ìmọ́lẹ̀ padà bí àjà. Àmọ́ tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé tàbí búlúù, ẹ má yí flash sókè rárá, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí bàbá olóyè dà bí ẹni tí àìsàn ń ṣe. Inú irú kánópì bẹ́ẹ̀, ẹ mú èèyàn wá sí etí ẹ̀, kí wọ́n kọjú síta níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ti ń wọlé. Ẹ lè pa flash, tàbí kẹ́ ẹ fi díẹ̀ kún un.

21/ Ní ìta gbangba, ibi tí èmi ti ṣubú, ohun méjì ló wà. Èkíní ni ibòji. Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ ilé, ẹnu ọ̀nà, fàráńdà, abẹ́ igi tó ṣú bo ilẹ̀ dáadáa. Seydou Keïta tó ya àwọn ará Bamako lẹ́yìn tó ṣí ilé ìyàwòrán ẹ̀ lọ́dún 1948, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ nínú àgbàlá ló fi ya ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹ̀. Kò dé dome kankan. Títí dòní, àwọn ilé ìkóhun-ọnà-sí ńlá lágbàáyé ń gbé àwọn fọ́tò yẹn kọ́. Ojú ọ̀run àti ògiri ni diffuser tiẹ̀.

22/ Èkejì, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú tàbí tí kò sí ibòji: ẹ mú flash kúrò lórí kámẹ́rà. Ẹ ra stand kan, trigger kan, àti agbòòrùn funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá, èyí tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà kan. Nínú gbogbo ohun tó ń mú ìmọ́lẹ̀ rọ̀ dáadáa, òun ló wọ́n kéré jù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èmi á ní kó ra agbòòrùn ṣáájú softbox. Ohun tí softbox fi dára jù ú ni pé ó ń darí ìmọ́lẹ̀, kì í jẹ́ kó fọ́n sí ibi tẹ́ ẹ ò fẹ́. Agbòòrùn ń tú u sí ibi gbogbo. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tápò yín ká.

23/ Afẹ́fẹ́ o! Agbòòrùn lórí stand nínú afẹ́fẹ́, ọkọ̀ ojú omi ni. Mo ti rí i tó gbéra, tó lọ bá àwọn oníjó. Ẹ so àpò yanrìn mọ́ ẹsẹ̀ stand. Tí kò bá sí yanrìn, ẹ fi pure water mẹ́fà tàbí méje sínú báàgì, ẹ so ó kọ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn òde, ẹ mu ún.

24/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ èèyàn. Agbòòrùn oní-mítà kan tẹ́ ẹ gbé sí mítà márùn-ún ti padà di oòrùn kékeré, owó yín ti ṣòfò. Ohun tí mo máa ń tẹ̀ lé kò le: bí nǹkan yẹn bá ṣe fẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó jìnnà sójú èèyàn tó. Softbox tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ gbé e sí bíi sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ ni kó pọ̀ jù. Ẹnì kan tàbí méjì nìyẹn á wúlò fún. Tó bá jẹ́ ogún èèyàn nínú aṣọ ẹbí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè sún mọ́ gbogbo wọn, ẹ gbàgbé rírọ̀. Ẹ kó wọn sí ibòji, kí ìmọ́lẹ̀ dọ́gba lójú gbogbo wọn, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má ṣókùnkùn.

25/ Nǹkan kan kù tí diffuser ò lè bá yín ṣe. Tí ẹni tẹ́ ẹ ń yà bá wọ agbádá funfun tàbí léèsì funfun, tẹ́ ẹ sì fi flash sórí TTL, flash á rí funfun yẹn, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á fà sẹ́yìn. Ojú á ṣókùnkùn, aṣọ á di eérú. Ẹ fi ọwọ́ yín gbé agbára flash sókè díẹ̀, stop kan tàbí díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ wo ojú èèyàn lójú kámẹ́rà, kì í ṣe aṣọ. Ẹni tí kò mọ èyí á lọ máa ra diffuser mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti wo àìsàn tí wọn ò ṣe.

26/ Ẹ jẹ́ kí n ṣe òdodo sí dome náà, kí wọ́n má bàa ní mo ń bá ike jà. Nínú yàrá kékeré tí ògiri ẹ̀ funfun, tẹ́ ẹ ń sáré tẹ̀ lé ìyàwó, tẹ́ ẹ ò ráyè yí orí flash síbí sọ́hùn-ún, dome wúlò. Ó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá kọjú sí á rí díẹ̀. Iṣẹ́ ìrọ̀rùn ló ń ṣe fún yín. Tẹ́ ẹ bá rà á pẹ̀lú ojú yẹn, mi ò ní bá yín jiyàn. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ lọ fi ya èèyàn ní pápá lálẹ́ ni kẹ́ ẹ sá fún.

27/ Mo mọ ohun táwọn ẹ̀gbọ́n iṣẹ́ máa sọ: "Níbi òde, ta ló ráyè agbòòrùn? MC ń pariwo, alága ń pe ìdílé ọkọ, wọ́n ń náwó, gbogbo ẹ̀ ń lọ wàràwàrà. Kí àwọn oníbàárà ṣáà rí ara wọn, ó parí." Òótọ́ wà níbẹ̀. Èmi náà kì í gbé agbòòrùn wọ àárín ijó. Àmọ́ òde kì í ṣe ijó nìkan. Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: ti sísáré, tí páálí funfun tó fún, àti ti ìdúró, níbi tí èèyàn ti jókòó dáadáa kẹ́ ẹ yà á. A ti jẹ́ kí ti sísáré gbé ti ìdúró mì.

28/ Ti pé "oníbàárà ò mọ̀", èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, nítorí náà mo lẹ́nu láti dáhùn ẹ̀. Wọn ò mọ orúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Wọn ò mọ flash, wọn ò mọ stop. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú màmá wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Lọ́jọ́ òde, ariwo àti jọ̀lọ́ọ̀fù ò ní jẹ́ kí wọ́n wò ó dáadáa. Ọjọ́ tí wọ́n máa wò ó dáadáa, ẹ ò ní sí níbẹ̀ láti ṣàlàyé, ẹni tó wà nínú fọ́tò náà sì lè má sí mọ́ láti jẹ́ kẹ́ ẹ tún un yà.

29/ Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí nìyí, ó sì jẹ́ ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ jí lò lọ́dọ̀ mi. Níbi òde àgbàlagbà èyíkéyìí, kí wọ́n tó pín oúnjẹ, mo máa ń kúnlẹ̀ bẹ ìdílé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ̀ǹda ìṣẹ́jú márùn-ún fún mi." Mo á mú ọlọ́jọ́ìbí lọ sí fàráńdà, tàbí kí n gbé agbòòrùn sún mọ́ wọn. Mo á fún wọn ní àga. Mo á béèrè ọ̀rọ̀ ìgbà èwe wọn. Tí ojú wọn bá ti balẹ̀, mo á yà wọ́n. Fọ́tò márùn-ún, ó parí, wọ́n padà sídìí ijó. Mi ò gba owó kún un.

30/ Torí náà, kẹ́ ẹ tó fi owó òde tó ń bọ̀ ra ike míì: ẹ wo àjà, ẹ wo ògiri, ẹ wo bí ẹ ṣe jìnnà sí èèyàn tó. Páálí funfun fún inú ilé, ibòji fún ọ̀sán, agbòòrùn fún alẹ́. Ẹ ṣe ìdánwò abẹ́ imú yẹn lálẹ́ òní, ẹ gbé fọ́tò méjèèjì sábẹ́ ibí, ti inú yàrá àti ti ìta, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. Tẹ́ ẹ bá sì ní màmá tàbí bàbá àgbà nílé, àwọn ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹnì kan máa pè yín.